Ẹ Má Tíì Pe Oní-Gwangwan Sí Kọ́bọ́ọ̀dù Bàbá: Ìtàn Àwọn Ife Ọtí Àtijọ́ Nílé Wa

Gbogbo ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tó wà ní Minna, Bosso, Chanchaga títí dé Suleja, ẹ gbọ́. Àwa tí a ń ta àwo, gíláàsì àti ìkòkò lọ́jà ní ọ̀rọ̀ kan láti bá yín sọ. Ó gùn díẹ̀. Ẹni tí kò bá ráyè báyìí, kó tọ́jú rẹ̀ di alẹ́, kó kà á tán.

Ohun tó fà á nìyí. Láti bí ọdún mélòó kan, bí àgbàlagbà kan bá ti papò dà láàárín wa, tí wọ́n sin òkú tán, tí àwọn ọmọ ti Èkó, Abuja àti òkè òkun dé láti pín ẹrù, kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì tó wà ní pálọ̀ ni wọn kì í mọ ohun tí wọn yóò fi ṣe. Ilẹ̀ ní ẹni tó fẹ́ ẹ. Mọ́tò ní ẹni tó fẹ́ ẹ. Agbádá pàápàá, wọ́n á pín in. Ṣùgbọ́n àwọn ife gígùn, agolo yìnyín tó ń dán, ìgò gíláàsì olómorí tí wọ́n ń da wísíkì sí, àti ife irin onídérí tí wọ́n fi ń mi ọtí pọ̀, tí òyìnbó ń pè ní shaker, ta ló fẹ́ gbé wọn? Wọ́n á ránṣẹ́ pe ọmọ oní-gwangwan. Òun náà á gbé òṣùwọ̀n rẹ̀ dé, á wọn irin lọ́tọ̀, á wọn aluminium lọ́tọ̀, á wọn idẹ lọ́tọ̀. Gíláàsì ò kàn án, ààtàn nìyẹn ń lọ.

Ẹ̀sìn wà lára ohun tó ń mú un yá. Ìpínlẹ̀ Niger wà lára àwọn ìpínlẹ̀ àríwá tó gba òfin Ṣàríà wọlé ní ọdún 2000. Ilé tí bàbá ti ń fi yìnyín sí wísíkì nígbà kan, ọmọ rẹ̀ ti di Alhaji. Ilé kejì, ọmọ ti di pásítọ̀. Kò sí èyí tó fẹ́ kí àlejò wọlé kó bá ohun èlò ọtí ní pálọ̀ òun. A ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn o. Púpọ̀ nínú àwa tó ń kọ èyí kì í fi ọtí kan ẹnu. Ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù yẹn ju ọ̀rọ̀ ọtí lọ. Àwa tí a jẹ́ àlejò nílùú onílùú, kí ló kù tó ń sọ pé àwọn bàbá wa gbé ibí? Ilé tí wọ́n háyà, wọ́n ti wó o. Òkú wọn, púpọ̀ nínú rẹ̀ la gbé lọ sílé, sí Ọ̀fà, sí Ògbómọ̀ṣọ́, sí Ìlọrin. Ẹrù inú ilé ló kù.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látẹ̀yìn. Kí òyìnbó tó dé la ti mọ bí a ṣe ń mọ ohun èlò ọtí. Ẹ wo kèrègbè ẹlẹ́mu: ọrùn rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kí ẹmu má baà dànù bí ẹlẹ́mu ti ń sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀pẹ, ikùn rẹ̀ sì tóbi kó lè gba púpọ̀. Ahá tí wọ́n fi ń bu ẹmu mu kò ní ọwọ́, kò ní ẹsẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ ló bá mu. Kò sí ohun kan lára rẹ̀ tí kò ní iṣẹ́. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn, a máa padà sí i.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ìgò onígun mẹ́rin dé, ìgò jìnnì àwọn ará Holland, èyí tí a ṣì ń fi ṣe àdúrà nídìí ìyàwó lónìí tí a ń pè ní ṣìnáàpù. Ẹ ti bi ara yín rí pé kí ló dé tó fi ní igun mẹ́rin? Inú àpótí ni wọ́n ń tò ó sí nínú ọkọ̀ ojú omi. Bí ìgò bá rí roboto, àyè òfo á wà láàárín wọn, wọ́n á sì máa gbá ara wọn. Onígun mẹ́rin máa ń fara ti ara wọn ni. Ẹni tó ronú kan ìyẹn, ọgbọ́n kan náà ló ní pẹ̀lú ẹni tó kọ́kọ́ gé ahá.

Ṣùgbọ́n ìgò yẹn kò gbọdọ̀ wọ ọ̀dọ̀ tiwa níbí. Láti ìgbà tí Lugard ti gba àkóso àríwá ní 1900 ni ìjọba ti fi òfin de ọtí líle tí wọ́n ń kó wá tà fún aláwọ̀ dúdú. Òyìnbó ń mu tirẹ̀ ní ilé ìgbafẹ́ wọn, kúkù dúdú ló ń gbé tíréè wá. Ọ̀rọ̀ yìí ló jẹ́ ká mọ ìdí tí ife ọtí kan lásán fi lè di nǹkan ńlá nílé àwọn bàbá wa.

Wọ́n parí ojú irin Baro sí Kano ní 1911, ti Èkó tó gba Ìbàdàn, Òṣogbo, Ọ̀fà, Ìlọrin àti Jẹ́bà kọjá sì wá pàdé rẹ̀ ní Minna níbí. Ibi tí ojú irin méjì ti pàdé yẹn ló kó wa wá. Akọ̀wé, awakọ̀ rélùwéè, káfíńtà, oníṣòwò aṣọ, olùkọ́, nọ́ọ̀sì. Nígbà tó fi di àwọn ọdún 1950 àti 1960, ẹni tó bá lọ ìsinmi sí Èkó tàbí Ìbàdàn á yà ní Kingsway tàbí Leventis, á sì ra nǹkan bọ̀. Nígbà tí owó Udoji dé ní 1975, ẹ̀yin àgbà ẹ rántí. Kò sí ẹni tí kò ra nǹkan. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Niger sílẹ̀, Minna di olú ìlú, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba rọ́ dé láti Sokoto, àwọn káfíńtà wa sì bẹ̀rẹ̀ sí kan kọ́bọ́ọ̀dù gbọọrọ tí wọ́n ń pè ní room divider. Abala tẹlifíṣọ̀n wà níbẹ̀, abala ìwé wà níbẹ̀, abala kan sì wà tó ní gíláàsì àti kọ́kọ́rọ́. Ibẹ̀ ni àwọn ife wà. Ọmọ tó bá fọwọ́ kàn án á jìyà.

Ohun tí òyìnbó nìkan ń lò ní ilé ìgbafẹ́ wọn, akọ̀wé rélùwéè ti to tirẹ̀ sí pálọ̀ rẹ̀, ó sì ń fi gbàlejò. Fanta ló sábà máa ń wà nínú ife yẹn, kì í ṣe ọtí. Ọ̀pọ̀ shaker ni a rí tí kò sí ẹni tó mi nǹkan kan nínú rẹ̀ rí, ó tún wà nínú páálí rẹ̀. Kí àlejò lè rí i ni wọ́n ṣe rà á.

Ibo ni ìrísí wọn ti wá? Bí ẹ bá wò wọ́n dáadáa, kò sí òdòdó lára wọn, kò sí orí kìnnìún, kò sí ọ̀já wúrà bíi ti àwọn àwo ayé Ọbabìnrin Victoria. Gbọọrọ ni wọ́n, tàbí roboto, wọ́n kàn ń dán ni. Ìyẹn kì í ṣe àìlówó ẹni tó ṣe wọ́n. Èrò kan ló gba ayé kan.

Ní 1919, Walter Gropius dá ilé ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ ní ìlú Weimar ní Jámánì, wọ́n pe orúkọ rẹ̀ ní Bauhaus. Ohun tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀ ni pé iṣẹ́ tí nǹkan fẹ́ ṣe ni kó sọ bí yóò ṣe rí, kí ẹ̀rọ sì lè ṣe púpọ̀ rẹ̀ fún mẹ̀kúnnù. Obìnrin kan, Marianne Brandt, wọ ọgbà àwọn tó ń fi irin ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ibi tí wọ́n ti ń fojú ọkùnrin wo iṣẹ́ náà. Ní 1924 ó ṣe ìkòkò tíì kékeré kan tó dà bí ìlàjì bọ́ọ̀lù lórí ẹsẹ̀ irin méjì tó gbé ara wọn kọjá. Bó ṣe rí náà nìyẹn, kò lé, kò dín. Títí dòní àwọn musíọ́mù ń fi pamọ́. Àwọn Násì ló mú kí Bauhaus ti ìlẹ̀kùn ní 1933.

Ní Amẹ́ríkà, ọdún 1933 yẹn kan náà ni wọ́n fagi lé òfin tó ti de ọtí láti 1920. Ọjà ohun èlò ọtí wá gbóná. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń lu bàbà àti idẹ, iṣẹ́ ti tán lọ́wọ́ wọn nítorí pé ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀ nígbà yẹn, ni wọ́n bá kọjú sí ṣíṣe shaker àti tíréè. Wọ́n ń fi chrome bo idẹ lójú: kò gbówó lórí bíi fàdákà, kì í dúdú, a kì í sì í fi nǹkan bó o kó tó dán. Norman Bel Geddes ya àwòrán ọ̀kan fún ilé iṣẹ́ Revere, tí wọ́n sọ ní Manhattan: shaker gíga tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní ìlà gbọọrọ láti òkè dé ìsàlẹ̀ bí ilé àwòṣífìlà New York. Lẹ́yìn ogun kejì, irin tí kì í dípẹtà gba ipò chrome. Ní 1967, Arne Jacobsen, ayàwòrán ilé ọmọ Denmark, ṣe ọ̀wọ́ ohun èlò kan fún ilé iṣẹ́ Stelton. Ìkòkò kọfí, agolo yìnyín àti gbogbo rẹ̀, irin roboto bíi páìpù ni gbogbo wọn. Agolo yìnyín tó wà nílé bàbá yín lè má jẹ́ ti Stelton, ó lè jẹ́ ayédèrú tí wọ́n ṣe ní Hong Kong, ṣùgbọ́n ìran wọn kan náà ni. Ayédèrú náà ní ìtàn tirẹ̀. Ìyẹn gan-an ni pé èrò náà ti dé ọwọ́ mẹ̀kúnnù, bí àwọn Bauhaus ṣe wí.

Àwọn ife aluminium aláwọ̀ pupa, búlúù, àwọ̀ ewé àti àwọ̀ wúrà tó máa ń tutù lọ́wọ́ gan-an ńkọ́? Àwọn ọmọ rò pé ọ̀dà ni wọ́n kùn ún. Rárá o. Iná ẹ̀lẹ́ńtíríìkì ni wọ́n fi sọ ojú aluminium náà di líle, wọ́n wá jẹ́ kí aró wọ inú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí kì í fi í ṣí bíi ọ̀dà.

Gbogbo èyí ìlú òyìnbó ni, ẹ lè sọ pé kí ló kàn wá. Ó dáa, ẹ mú ogún náírà jáde nínú àpò yín. Ẹ yí i padà. Obìnrin tó ń mọ ìkòkò lẹ́yìn owó yẹn, ní ìpínlẹ̀ wa níbí ló ti ṣiṣẹ́ tó sọ ọ́ di ẹni ayé mọ̀.

Ladi Kwali ni orúkọ rẹ̀, Gbagyi ni, ọmọ abúlé Kwali. Àwọn Gbagyi ló ni ilẹ̀ tí a wà yìí, àwọn obìnrin wọn ló sì ń mọ ìkòkò. Wọn kì í lo ẹ̀rọ. Obìnrin náà á máa yí ìkòkò po, á máa rìn sẹ́yìn, á máa fi okùn amọ̀ kún un títí yóò fi ga. Ìkòkò yẹn ni a fi ń tọ́jú omi mímu nílé wa títí fíríìjì fi dé, ẹ̀yin náà mọ bí omi rẹ̀ ṣe ń tutù. Omi máa ń là á jáde díẹ̀díẹ̀, atẹ́gùn á sì máa gbé e lọ, ìyẹn ló ń mú un tutù. Ṣùgbọ́n nǹkan tó ń mú omi jáde bẹ́ẹ̀ kò ṣeé fi mu bíà tàbí tíì.

Suleja ni ìlú tí wọ́n ń pè ní Abuja tẹ́lẹ̀, kí ìjọba àpapọ̀ tó gba orúkọ náà fún olú ìlú tuntun. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, Michael Cardew, amọ̀kòkò ará England tó ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ ní Gold Coast, dá ilé ẹ̀kọ́ amọ̀kòkò kan sílẹ̀ níbẹ̀ fún ìjọba. Ó ti rí ìkòkò Ladi Kwali láàfin Ẹ́míà Suleiman Barau. Ní 1954 Ladi Kwali wọ ilé ẹ̀kọ́ náà, obìnrin àkọ́kọ́ láàárín àwọn ọkùnrin. Ẹ rántí Marianne Brandt o. Ilẹ̀ méjì tó jìnnà síra, ọgbọ̀n ọdún ló wà láàárín wọn, obìnrin kan wọ ibi tí wọ́n ní kì í ṣe tirẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ ló sì wá borí.

Kí ni wọ́n ń ṣe ní Suleja? Ohun tí ẹ̀ ń fi jẹun tí ẹ̀ ń fi mu ni. Ìkòkò tíì, jọ́ọ̀gì, abọ́ olómorí, àti ife ńlá ọlọ́wọ́ tí wọ́n fi ń mu bíà. Amọ̀ tiwa ni, òkúta tiwa ni wọ́n lọ̀, eérú igi tiwa ni wọ́n pò mọ́ ọn láti fi ṣe ohun tó ń dán lójú rẹ̀, igi ni wọ́n sì fi ń ko iná tó gbóná ju 1,200 digirii lọ. Ní irú iná yẹn amọ̀ á di bí òkúta, ohun tó wà nínú rẹ̀ kò ní là á jáde mọ́. Àwọ̀ ewé ṣíṣú wà, àwọ̀ ilẹ̀ wà, dúdú tó ń kọ mọ̀nà wà. Ladi Kwali máa ń fi irin fá alángbá, àkeekèé àti ejò sára tirẹ̀, bí àwọn ìyá rẹ̀ ti ń ṣe. Wọ́n kó iṣẹ́ náà lọ ṣe àfihàn ní Berkeley Galleries ní London ní 1958, 1959 àti 1962. Ọbabìnrin England fi oyè MBE dá Ladi Kwali lọ́lá. Ní 1972 ó bá Cardew rìnrìn àjò kárí Amẹ́ríkà, ó ń mọ ìkòkò lójú àwọn èèyàn. Yunifásítì Ahmadu Bello fún un ní oyè ọ̀mọ̀wé ní 1977. Ọdún 1984 ló kú.

A ò ní parọ́ pé Suleja àti Bauhaus jẹ́ ọ̀kan. Bauhaus fẹ́ ẹ̀rọ, Cardew kò fẹ́ ẹ. Iṣẹ́ ọwọ́ ni tirẹ̀, ó sì kórìíra ọjà ilé iṣẹ́ ńlá débi pé inú àwa tí a ń ta gíláàsì kò bá má dùn sí i. Ṣùgbọ́n ẹ gbé ife bíà Suleja ẹyọ kan ka ẹgbẹ́ agolo yìnyín Denmark. Kò sí àṣejù lára èyí, kò sí lára ìyẹn. Ibi tí ọwọ́ máa gbà wà níbẹ̀, ibi tí ẹnu máa kàn wà níbẹ̀, ó parí. Ahá tí a sọ lẹ́ẹ̀kan náà nìyẹn.

Lójú tiwa, ibi tí àwọn èèyàn wa ti ṣàṣìṣe jù nìyí. Wọ́n á tọ́jú shaker onírin nítorí pé ó ń dán, wọ́n á rò pé ife amọ̀ Suleja jẹ́ ti kùkù, wọ́n á fi bu oúnjẹ adìẹ. Ìkòkò Ladi Kwali tó wà ní British Museum ní London, ilé gíláàsì ni wọ́n kó o sí.

Bida náà ní tirẹ̀. Tíréè tí ọ̀pọ̀ àwọn bàbá wa ń to ife lé lórí, idẹ Bida ni, èyí tí wọ́n fi òòlù lù, tí wọ́n fín nǹkan sí lára yíká. Nípa gíláàsì, ẹ lọ sí àdúgbò àwọn Masaga. Láti ayébáyé ni wọ́n ti ń yọ́ gíláàsì níbẹ̀. Leo Frobenius ará Jámánì kọ nípa wọn nígbà tó dé Bida ní 1911, S. F. Nadel náà kọ nípa ẹgbẹ́ wọn nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1942. Ọmọkùnrin kan á máa fẹ́ iná pẹ̀lú ewìrì láìdúró, àwọn àgbà á jókòó yí ààrò ká nínú ooru yẹn, wọ́n á fi ọ̀pá irin fa gíláàsì tó ti yọ́ bí oyin, wọ́n á yí i di ìlẹ̀kẹ̀ àti ẹ̀gbà ọwọ́. Níbo ni wọ́n ti ń rí gíláàsì náà? Ìgò ni! Ìgò bíà aláwọ̀ ewé, ìgò bíà aláwọ̀ ilẹ̀, ìgò oògùn búlúù. Mùsùlùmí ni àwọn Masaga. Wọ́n ń yọ́ ìgò bíà, ó ń di ìlẹ̀kẹ̀ lọ́rùn ìyàwó tuntun, kò sí àáfà tó bi ìlẹ̀kẹ̀ náà pé kí lo gbé sínú tẹ́lẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ò fẹ́ ohun èlò ọtí nílé, ẹ gbọ́ ìyẹn. Agolo yìnyín máa ń gbé yìnyín fún zobo bó ṣe ń gbé e fún wísíkì. Ife gígùn ń gba kunu. Ilé kan wà ní Tunga tí wọ́n ń fi shaker bàbá àgbà wọn po omi ọsàn àti atalẹ̀ nígbà àwẹ̀, àwọn ọmọ máa ń du ẹni tí yóò mì í. Ilé kejì fi jọ́ọ̀gì gbin òdòdó. Bí ẹ bá tiẹ̀ fẹ́ tà á, ẹ tà á bí ohun tó jẹ́, kì í ṣe ní kílò.

Kí oní-gwangwan tó dé, ẹ ṣe èyí. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ níta nínú ìmọ́lẹ̀. Ẹ wo igun àwọn onírin: bí àwọ̀ pupa rúsúrúsú bá ń yọ níbi tí chrome ti họ, idẹ ló wà lábẹ́ rẹ̀, kì í ṣe páànù. Bí ẹ bá rí lẹ́tà EPNS nídìí rẹ̀, fàdákà kọ́ ni gbogbo rẹ̀ o, fàdákà fẹ́lẹ́ ni wọ́n fi bò ó, kí ẹnikẹ́ni má fi ìyẹn lu yín ní jìbìtì; ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹrù ààtàn náà. Ẹ bi ìyá yín, bí wọ́n bá ṣì wà láàyè, pé ibo ni bàbá ti rà á, ọdún wo, kí ló ń ṣẹlẹ̀ nígbà yẹn. Ẹ kọ ọ́ sórí ìwé kékeré, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn.

Lẹ́yìn náà kí ẹ wá gbé àwọn alámọ̀, àwọn tó wúwo lọ́wọ́, tí àwọ̀ wọn jọ ewé ṣíṣú tàbí ilẹ̀. Ẹ dà wọ́n dé. Ẹ fi ìka pa ìdí wọn, nítòsí ìsàlẹ̀, níbi tí ohun tó ń dán kò dé. Bí ẹ bá rí òǹtẹ̀ kékeré kan tí wọ́n fi kọ Abuja ní lẹ́tà Lárúbáwá, tí òmíràn sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó jẹ́ ti ẹni tó mọ ọ́n, Suleja la ti ṣe é, kí wọ́n tó máa pè é ní Suleja. Bí òǹtẹ̀ kejì bá jẹ́ LK, ẹ rọra gbé e kalẹ̀. Obìnrin ẹ̀yìn ogún náírà ló ṣe é.